Fòníkú-Fọ̀ladìde: Ohun Tó Pa Àwọn Àbúrò Mi

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ilé wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ méje ni ìyá mi bí, mẹ́rin ló yè. Àwọn mẹ́ta tó lọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà lọ. Tí wọ́n bá bí wọn, ara wọn á mọ́, wọ́n á sanra, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá na ọwọ́ sí wọn. Àfi ìgbà tí wọ́n bá ti ń jókòó, tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa rá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn á ṣàdédé wú. Ẹkún tí wọ́n máa ń sun nígbà náà kì í ṣe ẹkún ebi, kì í sì í ṣe ẹkún oorun. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n, ṣe ni wọ́n ń ké bí ẹni tí iná jó. Ẹyinjú wọn á pọ́n bí ìyeyè. Lọ́jọ́ kan ibà á wọlé, àtẹ́lẹwọ́ wọn á funfun bí òwú, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Wọ́n ní àbíkú ni. Ta ni ì bá jiyàn? Gbogbo agbo ilé ló ní tiwọn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó àti Kòsọ́kọ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta náà kú ní ọdún 1957, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi abẹ gé òkú ọmọ náà létí, kí ojú lè tì í, kí ó má tún padà wá. Ìyá mi ló di orí ọmọ náà mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Láti ọdún 1969 títí di 2003, lábọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fi ojú mi wò lábẹ́ gíláàsì kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, àìsàn kan ló bá mi délé kí n tó bá a délé ìwòsàn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ AA àti AS dunjú, wọn ò sì mọ bí a ṣe dé ibẹ̀.

Ọmọ Grenada ní ìlú Chicago

Áfíríkà ni àìsàn yìí ti pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe Áfíríkà ló ti kọ́kọ́ wọ inú ìwé àwọn dókítà. Ní ìparí ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Clement Noel wọ ilé ìwòsàn kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ erékùṣù Grenada ni, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Iṣẹ́ dókítà eyín ló wá kọ́. Ikọ́ ń ṣe é, ibà ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ò sì tó lára rẹ̀. Dókítà kékeré tó gbà á wọlé, Ernest Irons, kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi máíkíróskóòpù wò ó, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto bíi owó kọ́bọ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ ti tín-ín-rín, wọ́n sì tẹ̀ bíi dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko.

Ọ̀gá dókítà náà, James Herrick, ló kọ ọ́ jáde fún aráyé ní 1910. Noel ní tirẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó ń tọ́jú eyín àwọn ará ilé. Òtútù àyà ló pa á ní 1916, ọmọ ọdún 32 ni. Ní 1922 ni dókítà mìíràn, Verne Mason, fún àìsàn náà ní orúkọ tí òyìnbó ń pè é títí dòní, orúkọ tó ti ara dòjé wá.

Ibi tó dùn mí nínú ìtàn yìí nìyí o. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ló gbà pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Wọ́n ní àwọn dúdú Amẹ́ríkà ló ni ín. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àfi tí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun kó tó ṣẹ́yọ. Kí ló fà á? Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń yẹ̀ wò: sójà, lébìrà, ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ń rí hóró tó ń tẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ara wọn le koko. Wọ́n bá ní, ẹ ò rí i, ó wà lára wọn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Wọn ò bèèrè ibi tí àwọn ọmọdé wà. Àwọn tí àìsàn náà mú gan-an ti wà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó tó ọmọ tí ń lọ síléèwé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin wọ́n sí. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan. Ọdún 1950 sókè ni ojú àwọn dókítà tó wá ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ adúláwọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, tó là sí i pé àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n rárá. Pípa ló ń yára pa ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Dókítà Felix Konotey-Ahulu, ọmọ Ghana tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra, ló fi han aráyé pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ní orúkọ fún un kí Herrick tó rí i. Àwọn Gã ń pè é ní chwechweechwe, àwọn Krobo ń pè é ní hemkom, àwọn tó ń sọ Twi ń pè é ní ahotutuo. Dókítà yìí tọpa rẹ̀ nínú ìdílé ara rẹ̀ láti ìran dé ìran títí dé ọdún 1670. Àwa Yorùbá náà ò gbẹ́yìn. Àwọn àgbà wa rí ẹni tó ń jẹ̀rora lánàá bí ẹni tí yóò kú, tó tún dìde lónìí tó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, wọ́n bá sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde: ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí dókítà tó lè ṣàpèjúwe rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ọmọ ọwọ́ tí a ń pè ní àbíkú àti géńdé tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló lè wà lára wọn. Mi ò sọ pé gbogbo àbíkú ni o. Ibà lásán pa ọmọ, ìgbóná pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Ṣùgbọ́n tiwa nílé wa, èyí ni.

Ní 1952, R. S. Jelliffe àti J. Humphreys gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá 1,881 ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìwádìí oríṣiríṣi tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé, nínú èèyàn mẹ́rin nílẹ̀ wa, ó súnmọ́ pé ẹnì kan ló gbé àmì náà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ka ara yín níbi tí ẹ bá jókòó sí nínú mọ́tò.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀

Ọdún 1949 ni ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní Amẹ́ríkà, Linus Pauling àti Harvey Itano pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn mú ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní hìmóglóbìn, wọ́n fi sínú omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Ti aláìsàn kò sáré bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìyẹn ni pé ohun pupa náà gan-an ló yàtọ̀. Lọ́dún kan náà, James Neel ní Amẹ́ríkà àti E. A. Beet ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí fi hàn pé àjogúnbá ni: ẹni tó bá jogún àmì náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, AS ni, kò sì ní í ṣàìsàn náà, ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, SS ni.

Nígbà tó di 1956 sí 1957, Vernon Ingram ní Cambridge rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà gan-an. Okùn hìmóglóbìn dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Lórí okùn kan, ìlẹ̀kẹ̀ 146 ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹfà, ni wọ́n pààrọ̀. Ẹyọ kan! Àwa Yorùbá nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ò gbọdọ̀ yà lẹ́nu, nítorí àwa la mọ ohun tí àmì kékeré lórí ọ̀rọ̀ lè fà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ọ̀kan ń fẹ́yàwó, ọ̀kan ń ro oko, ọ̀kan ń gbé èrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí ṣe ń sọ ẹ̀jẹ̀ di nǹkan mìíràn. Tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, ohun pupa náà á so mọ́ra wọn, á gan, hóró ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé. Hóró tó tẹ̀ kò lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá. Ó dí i bí gọ́tà ṣe ń dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀: egungun, àyà, ikùn, nígbà mìíràn ọpọlọ. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó dára á máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Ti SS, bóyá 10 sí 20 ọjọ́, ó ti fọ́. Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó, tí ojú wọn sì ń pọ́n bí ìyeyè.

Kí ló dé tí àwọn àbúrò mi fi ń dára tí wọ́n bá bí wọn? Ọmọ tó wà nínú oyún ní hìmóglóbìn tirẹ̀ tó yàtọ̀, tí kì í tẹ̀. Ó gbé e wá sáyé, ó ń lò ó fún bí oṣù mẹ́fà, kó tó máa tán lọ díẹ̀díẹ̀. Àsìkò tó tán yẹn gan-an ni wọ́n ń jókòó, tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa rá.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, bí nǹkan ṣe burú tó yìí, kí ló dé tí kò tíì parẹ́ láàárín wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Ẹ̀fọn ni ẹ bi. Ní 1954, Anthony Allison, tó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti wá rí ọ̀kan nínú ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Lucio Luzzatto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn kọ ọ́ jáde ní 1970 pé hóró ẹ̀jẹ̀ AS tí kòkòrò ibà bá wọ inú rẹ̀ ń yára tẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ara á sì gbá a dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ̀bùn àti gbèsè wá wà nínú àpò kan náà. Ohun tó gba àwọn kan nínú wa lọ́wọ́ ibà ló ń pa àwọn mìíràn.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi lórí gíláàsì

Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá 1957, ọdún tí àbúrò mi kú gan-an. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni mo wọ iṣẹ́ lábọ̀ níbòmíràn. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni èyí: ẹ kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, ẹ po oògùn kan tó ń gba ọ́síjìn kúrò mọ́ ọn, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, ẹ fi fasilíìnì dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí ẹ sì dúró. Ó ní kí n fi ẹ̀jẹ̀ ara mi kọ́ ọ. Mo gún ìka mi. Mo dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo wo inú máíkíróskóòpù. Dòjé, dòjé, dòjé.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ náà wà níbẹ̀ àbí? Kò sí nǹkan, AS ni ẹ́, o ò ní kú." Kò mọ̀ pé àwọn àbúrò mi mẹ́ta ni mo ń wò nínú gíláàsì yẹn.

Mo lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, àwọn àbúrò mi yẹn, kì í ṣe àbíkú o. Àìsàn ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin àti Bàbá ló ti wá, ó wà nínú tèmi náà." Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àlàó, o ní kì í ṣe pé wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀?" Mo ní, "Rárá, Màmá. Ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n." Wọ́n dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mẹ́ta ni wọ́n, nígbà náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo rò pé ó ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí." Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Èyí tí a wá fi abẹ gé létí yẹn, kò ṣẹ̀ wá rárá."

Mo ti rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé lọ sílé. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìmọ̀ náà ní ẹrù tirẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Àyẹ̀wò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ó ń sọ pé S wà níbẹ̀. Kò lè sọ bóyá AS ni tàbí SS. Kó tó lè hàn dájú, àfi kí a ṣe irú èyí tí Pauling ṣe: a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà pàtàkì kan, a ó tan iná mànàmáná sí i, àwọn hìmóglóbìn á sì máa sáré. A ló ń ṣáájú, S ń bọ̀ lẹ́yìn, C ló ń gbẹ́yìn pátápátá. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín méjì, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ta ni C? Àbúrò S ni, Itano àti Neel ló fi í hàn ní 1950. Àríwá Ghana àti Burkina Faso ló ti pọ̀ jù. Ní Nàìjíríà, àwa Yorùbá ló wà lọ́dọ̀ wa. Tí èèyàn bá ti sọdá odò Ọya sí apá ìlà-oòrùn, ekukáká ni yóò fi rí i. C nìkan kò tẹ hóró ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n tí C bá pàdé S lára ọmọ kan, àìsàn ni: SC.

Ní ọdún 1974, ọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀làjú èèyàn ni wọ́n. Ẹ̀rọ oníná wa ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, bébà rẹ̀ gan-an ti tán. Àyẹ̀wò dòjé nìkan ni mo ṣe fún wọn. Ti obìnrin tẹ̀. Ti ọkùnrin ò tẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìwé pé ọkùnrin ò ní nǹkan kan, mo sì bá wọn yọ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ọdún keje lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú ìrora ìbàdí. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Mo wo bébà náà: kò sí A rárá. S wà níbẹ̀, C wà níbẹ̀. Mo ranṣẹ́ pe bàbá rẹ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. AC ni. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Mo lè fi í sílẹ̀ fún dókítà, ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀. Bàbá náà ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí nǹkan." Mo ní, "Èmi ni, sà." Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé èyí tó wà nínú mi yìí náà?" Mo wo ikùn rẹ̀, mo ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n lóyún ti àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò kọ "kò ní nǹkan kan" sórí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé mo rí i lórí bébà. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ lọ síbòmíràn. Ọmọbìnrin náà wà láyé. Ojú rẹ̀ kan ti lọ, nítorí SC fẹ́ràn láti ba ojú jẹ́. Tíṣà ni.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn

Ẹ má rò pé ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ohun àrà nígbà náà. Ní àwọn kílíníìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn láàárín ọdún 1960 sí 1980, ohun díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn, ohun díẹ̀ náà ló sì gba ẹ̀mí là. Paludrine lójoojúmọ́, kí ibà má wọlé. Folic acid lójoojúmọ́, kí ara lè rí ohun fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ mu omi púpọ̀. Ẹ má wọ inú òtútù, ẹ má jẹ́ kí òjò pa yín. Tí ìrora bá dé, ẹ tètè wá. Ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni. Mo mọ ìyá tó jẹ́ pé káàdì, ìgò omi àti súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ kò kúrò nínú báàgì rẹ̀ fún ogún ọdún. Ọmọ náà di lọ́yà.

Ohun tí a kò ṣe dáadáa ni ti ìrora. Mo ti gbọ́ kí nọ́ọ̀sì máa sọ fún géńdé tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ pé, "Abẹ́rẹ́ lò ń wá, o ti mọ́ra." Ẹni tí kò bá wọ bàtà náà rí, kó má sọ ibi tó ti ń ta.

Nígbà tó yá, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé tí ọmọ SS bá ń lo penisílínì lójoojúmọ́ láti kékeré, àwọn kòkòrò tó ń pa wọ́n lójijì kò ní í rí wọn mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 1995, wọ́n tún fi hàn pé hydroxyurea, oògùn tí wọ́n ti ń lò fún àrùn jẹjẹrẹ, ń dín ìrora náà kù. Ẹ rántí hìmóglóbìn inú oyún tí mo sọ. Òun ni oògùn yìí ń jí dìde padà. Ní Kano àti Kaduna, àwọn dókítà wa ti lò ó fún àwọn ọmọdé láti fi dènà rọpárọsẹ̀, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022 pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ pàápàá wúlò.

Àwọn tiwa náà wá ewé àti egbò lọ. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní nǹkan bí 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs-Sodeye rí i pé omi gbòǹgbò orin àtá, orin tí a ń rin lẹ́nu láràárọ̀, lè mú hóró tó ti tẹ̀ padà rí roboto lórí gíláàsì. Lẹ́yìn wọn, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Abuja gba àgbo kan lọ́wọ́ Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ́ di kápúsù, NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò pẹ́ tó fi dojú dé, gbèsè ló fà á. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, nítorí mo mọ àwọn tó ní ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ti ìwòsàn pátápátá, ó ti wà báyìí. Ní 2011 wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún ọmọ kan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní ìlú Benin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìparí 2023, ìjọba Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń tún àkọsílẹ̀ inú ara ṣe. Iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà fún ẹnì kan ṣoṣo ni dọ́là 2,200,000. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, ẹ wá sọ fún mi ta ni nínú wa.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tó tó 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un láti 2008. Ní Lagos, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá àjọ kan sílẹ̀ fún wọn ní 1994, ilé wọn wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH. Ohun tí mo bẹ̀ yín kò tó ti àwọn wọ̀nyí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kí ọ̀rọ̀ tó wọra, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra aṣọ ẹbí. Ẹ ṣe é ní ibi méjì. Ẹ bèèrè bóyá oníná ni wọ́n ṣe tàbí ti dòjé lásán, ẹ sì bèèrè C. Ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́, kó dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò kà. Ẹ̀yin AS méjì tó sì ti fẹ́ra, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ ti bí mẹ́ta tó dára, ẹ̀kẹrin ni yóò ṣàìsàn, tàbí pé ẹ ti bí alárùn kan, ó ti tán. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni lójoojúmọ́ ayé. Tí ọmọ bá sì dé, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti kékeré, kí ọwọ́ rẹ̀ tó wú.

Ẹ dákun, ẹ má pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní síkílà lójú rẹ̀ bí ẹni ń búni.

Ìyá mi kú ní 1994. Kó tó kú, ó ti mú kí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí lábọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró títí màá fi jáde wá sọ ohun tí mo rí. Tí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, kì í sọ pé mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń sọ pé méje.